Òróró Díẹ̀, Ọwọ́ Púpọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ìdí ìbọn Bàbá dé lónìí. Igi nìkan. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ́gbó ló gbé e wá, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Irin rẹ̀ wà lọ́dọ̀ òun, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí n tó ṣí i." Mo jókòó. Ó ṣí i. Mo dìde.

Òrùlé yàrá ìkẹ́rù ilé rẹ̀, níbi tí òun àti Bàbá ń gbé, ló ń jò. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni omi fi ń kán sórí igi náà. Ara rẹ̀ ti funfun káàkiri bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara kan ara láti ọdún tó kọjá. Igi tí Bàbá fúnra rẹ̀ gbẹ́ kí wọ́n tó bí mi! Ká má parọ́, omi lé sí mi lójú.

Ó ju ogójì ọdún lọ tí Bàbá fi ń gbẹ́ ìdí ìbọn fún àwọn ọdẹ àti àwọn aṣọ́gbó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí, ọwọ́ sì ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, yóò pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ọjọ́ náà ni yóò fa ìbọn rẹ̀ lé Àbúrò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ gbá a mú lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó sì ní èmi ni kí n tún un ṣe.

Èmi! Èmi tó ti ń bá jà láti ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ àga àti tábìlì ni tèmi. Mo máa ń fọ́n fáníìṣì sí i láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń dán, oníbàárà ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá á fọwọ́ kàn án, á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Dígí lò ń kùn, kì í ṣe igi." Kò sọ "ó dára" fún iṣẹ́ mi rí. Ibi tó jìnnà jù tó dé ni "ó ti tó".

"Ó dára" yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí, mo ti ní ọmọ-ọmọ, ó yẹ kí irú nǹkan báyìí ti kúrò lára mi. Kò tíì kúrò.

Iṣẹ́ tó rán Àbúrò sí mi kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Sọ fún Kíákíá kó tún ara igi mi ṣe. Kó má yí i padà." Kíákíá ni èmi. Láti kékeré ló ti sọ mí bẹ́ẹ̀, torí mi ò lè dúró de ohunkóhun, títí kan ọbẹ̀ tó ń hó.

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ṣírò àwọ̀ ọ̀dà ni mo ń kọ eléyìí sí. Màá máa kọ ọ́ títí yóò fi parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo pe Bàbá. Kò béèrè àlàáfíà mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Báwo lara ọmọ mi?" Igi ló ń bi mí o! Mo ní ọmọ yín ń bẹ láyé, òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ó bi mí pé òróró wo ni mo fẹ́ lò. Mo dárúkọ èyí tó máa ń yára gbẹ. Ó wá ní ṣé mo lè tọ́ ọ wò. Mo ní Bàbá, òróró igi ni. Ó ní òun gbọ́, ṣé mo lè tọ́ ọ wò? Mo gbé ìgò, mo kà á: wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnu kò gbọdọ̀ kàn án. Bàbá ní, "Ohun tí ahọ́n rẹ ò bá lè kàn, má fi kan igi mi."

Agídí ni, àbí kí ni? Òróró tí wọ́n fún láti ara irúgbìn lásán ló fẹ́, èyí tí wọn ò da nǹkan kan pọ̀ mọ́ kó lè yára gbẹ. Ìgbín gan-an á ti rin ìrìn-àjò lọ, á ti bọ̀, kí ìyẹn tó gbẹ. Mo ní báwo ni màá ṣe kùn ún. Ó dá mi lóhùn bí ẹni ń ka àkọ́sórí: "Òróró díẹ̀, ọwọ́ púpọ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Bíbó. Àfọ́kù ìgò ni Bàbá ní kí n fi ha òróró àtijọ́ kúrò, kì í ṣe ọbẹ. Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí mo ní láti jókòó. Lẹ́yìn gbogbo èébú ọgbọ̀n ọdún, dígí náà ló tún padà wúlò!

Ó ṣiṣẹ́, àbí kí n sọ òótọ́: ó ṣiṣẹ́ ju gbogbo irinṣẹ́ mi lọ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bọ́. Funfun náà ń lọ, ìlà ara igi ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìdí dé ọrùn. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀sán pọ́n. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí, ó ní òun ti kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Lónìí mo kà á: ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti tẹ̀ wọnú. Ibi tó ti já lu òkúta, ibi tí wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Aṣọ tútù, áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ṣììì! Ooru omi á wọ inú igi, igi á wú, ibi tó tẹ̀ á dìde bọ̀ sípò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju oúnjẹ lọ.

Ọkọ mi bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wò mí títí. Inú ìwé yìí, Olóyè Ìgbálẹ̀ ni mo ń pè é, torí láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó lè sinmi nílé wa tí kò ní gbá tàbí kó tò. Ó bi mí pé ṣé igi ni mo ń lọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì òun ti ń dúró de áyọ́ọ̀nù yẹn láti ọjọ́ Àìkú, òun ò mọ̀ pé igi ló wà níwájú òun lórí ìlà.

Àwọn mẹ́rin kan wà tó yọ mí lẹ́nu. Kékeré ni wọ́n, ní etí òkè níbi tí ẹni tó ń yìnbọn máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé. Méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, wọ́n dojú kọ ara wọn. Eku! Mo ṣépè fún eku náà àti ìran rẹ̀. Mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkẹrin ṣagídí, mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi sáńpépà rẹ́ ìyókù.

Kò sí àpá kankan lára rẹ̀ mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó jọ̀lọ̀ tó báyìí rí. Mo sọ ọ́, mo tún kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo fi omi pa á, irun igi dìde, mo fi sáńpépà ra á. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá mi o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Òróró àkọ́kọ́! Mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí Bàbá má bàa bi mí. Kò burú. Ó jọ ẹ̀pà tútù.

Bó ṣe kan igi báyìí, àwọ̀ jáde. Pupa tó wà nínú rẹ̀, dúdú tó ń gba àárín pupa kọjá, gbogbo rẹ̀ jí. Mo pariwo. Olóyè Ìgbálẹ̀ sáré wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni. Ó wò ó, òun náà pariwo.

Bàbá ní ẹ̀kán mẹ́ta péré ni kí n lò. Ta ló ń wò mí? Mo da ìdajì ife sí i. Igi tó ti gbẹ tó báyìí, òùngbẹ á ti pa á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ń lẹ̀. Ó ń lẹ̀ bí ẹnu ọmọdé tó jẹ súìtì. Eṣinṣin kan bà lé e, kò lè fò mọ́. Irun orí mi méjì wà níbẹ̀. Èéfọ́ ìgbálẹ̀ kan náà wà níbẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ni ín.

Bàbá pè kí n tó pè é. Kò jẹ́ kí n kí òun tán. "Ṣé ó ń lẹ̀?" Mo ní kí ló ń lẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín! Bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní òun ti ń ka ọjọ́: Àbámẹ́ta ni Kíákíá yóò kùn ún, Ajé ni yóò máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó ní kí n parí ìyókù òwe náà fúnra mi. Mo parí ẹ̀ fún un bí ọmọ ilé ìwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kán mẹ́ta. Lóòótọ́, ẹ̀kán mẹ́ta péré, sí àtẹ́lẹwọ́. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí aṣọ. Ọwọ́ ni. Mo ra á, mo ra á, títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi gbóná, tí òróró náà sì rá mọ́ inú igi tí mi ò rí i mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi aṣọ gbígbẹ nu ojú rẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn. Ó parí fún ọjọ́ náà. Kò sí ohun tí mo tún lè ṣe sí i títí di ọ̀la.

Mo jókòó tì í. Ó tó ìgbà wo tí mo ti jókòó láìṣe nǹkan kan?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Eyín iwájú tó ti ń dà mí láàmú láti ọdún tó kọjá, dókítà eyín yọ ọ́ lónìí. Mo ń súfèé nígbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Olóyè Ìgbálẹ̀ fẹ́ dáná sun wá.

Mo ti sọ fún un. Ó kéré tán mo rò pé mo ti sọ fún un. Àkísà tí a bá fi nu òróró yìí, a kì í ká a jọ. Ńṣe la máa ń tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan síta kó gbẹ, torí tí a bá dì wọ́n pọ̀, ooru á mú láàárín wọn, wọ́n á gbiná fúnra wọn láìsí ìṣáná. Mo sá gbogbo wọn sórí ọgbà. Ọkọ mi rí i, ó ní ẹ̀yìnkùlé wa jọ ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ àwọn wèrè. Ó ká wọn, ó ṣẹ́ wọn ní igun mẹ́rin, ó tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ìdérí dé e, ó gbé e sínú oòrùn. Ó ṣe é dáadáa!

Lọ́sàn-án ló ní òun ń gbọ́ òórùn. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, apẹ̀rẹ̀ ń rú èéfín bí ẹni ń mu páìpù. Mo gbé garawa omi, mo dà á lé e. Mo da èyí tó kù lé ọkọ mi, mi ò mọ ìdí. Ó dúró síbẹ̀, omi ń kán ní imú rẹ̀, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, èmi ò gbiná." Ẹ̀rín pa wá títí a fi di ara wa mú. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti kúrò nílé, a ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Igi wà ní àlàáfíà. Mo fún un ní ẹ̀kán mẹ́ta rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ń dán! Kì í ṣe dídán fáníìṣì. Láti inú ló ti ń wá, ó rọ̀ lójú, bí awọ ara ẹni tó sùn dáadáa. Mo gbé e wo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kan tí mo parí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wo tábìlì. Mo wo igi. Mo fi aṣọ bo tábìlì náà.

Ó dáa, Bàbá. Dígí ni. Ẹ ti borí. (Mi ò ní sọ ọ́ fún un.)

Mo jó yí ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi jó lẹ́yìn mi, ó ń gbálẹ̀ bó ṣe ń jó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo pe Bàbá láti fọ́nnu. Mo sọ bó ṣe ń dán, mo sọ bó ṣe jọ̀lọ̀. Ó ń dáhùn "ẹn, ẹn," ohùn rẹ̀ ń dùn. Ó wá ní kí n rọra tí mo bá dé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Eyín rẹ wà níbẹ̀."

Eyín mi bí i ti báwo?

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ó ní mo jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hu mẹ́rin: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó gbé ìbọn náà ti ògiri, igi nìkan, ó ń dúró kó gbẹ. Mo rá kòrò débẹ̀, mo gbá a mú, mo bù ú jẹ. Ó ní ó yẹ kí òun rẹ́ ẹ kúrò. Òun ò rẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà tí òun bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e nínú igbó, òun máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òun tó wo iwájú. Ó ní ojú òun ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò nílò ojú.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìyá mi lọ láìsọ ọ́. Mo dáhùn "ẹn, Bàbá," mo ní iná fẹ́ lọ, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Eku. Mo pè é ní eku.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò fọwọ́ kan igi lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ogún

Mo sọ fún Olóyè Ìgbálẹ̀. Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó gbá ibi tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Èrò kan wá sí mi lọ́kàn. Mo ní àjákù igi tó jọ ọ́. Mo mú ìṣó, mo rẹ́ ẹnu rẹ̀ kó rí róbótó, mo fi òòlù lù ú fẹ́rẹ́. Kò jọ ọ́. Mo mú ìdí ṣíbí. Ó sún mọ́ ọn. Mo lo gbogbo ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mo ti lu mẹ́rin sára àjákù náà, méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, mo fi òróró pa á. Mo ní kí ọkọ mi dijú kó fọwọ́ wá a. Ó ní, "Eyín ọmọdé ni." Mo mọṣẹ́ o, ká fi tàwàdà sílẹ̀.

Bàbá ò lè rí i. Ta ni yóò sọ fún un?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo gbé igi gangan sórí tábìlì. Mo gbé ṣíbí lé ibẹ̀. Mo gbé òòlù sókè.

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

Ó ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ eyín yẹn fún àádọ́ta ọdún. Èmi wá fẹ́ fi ṣíbí rọ́pò wọn, kí n tún máa retí pé kó sọ pé ó dára! Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Èyí kò tilẹ̀ ní pé ọjọ́ kan. Olóyè Ìgbálẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀. Ó ní, "Ojú wọn ló ń ṣú. Ọwọ́ wọn ò ṣú." Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó lọ fọ̀ ọ́.

Màá sọ fún Bàbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí fóònù. Ojo ni mí, mo mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Bàbá pè. Ó ní òun ti gé èékánná òun kí ó má bàa ha igi lára. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù o!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀kán mẹ́ta tó kẹ́yìn. Mo ra á láàárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ó lẹ́wà. Mi ò ṣe ohun tó lẹ́wà tó yìí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù ń bà mí, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí ń bẹ níwájú. Tí mo bá ti dé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi á dúró. Ó jọ̀lọ̀. Ó jọ̀lọ̀ jù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A ti padà délé. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó tó sá mọ́ mi lórí. (Ta ni mò ń sọ "ẹ jẹ́ kí n" fún? Ìwé ni.)

Iwájú ilé Àbúrò ni Bàbá jókòó sí, nínú oòrùn. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún bí ọmọ tó ń retí kí wọ́n fún un ní nǹkan. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ọjọ́ ìbí. Ó ní òun ti gbọ́, kí n gbé e wá.

Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka gbogbo rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n, bó ṣe kan igi, kò gbọ̀n mọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án, ẹ gbà mí! Ó wá ní:

"Ó dára."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tó dé, mi ò lè gbádùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó débẹ̀. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún lọ. Ó yí igi náà, ó wá apá kejì. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tó dé ilé tí kò bá ẹnikẹ́ni.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù, aṣọ tútù, sáńpépà. Mo ní ẹ ní kí n má yí i padà, mo yí i padà. Mo ní mo ti gbẹ́ ayédèrú sára àjákù igi, mo fẹ́ tàn yín jẹ, mi ò lè ṣe é. Mo ní, "Bàbá, mo rò pé eku ni." Ẹkún ló gbé èyí tó kù mì.

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé òun náà ń sunkún. Àbúrò dìde. Àṣé ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín tí kò ní ohùn, tó ń mi gbogbo àga. "Eku!" ló ń sọ. "Ó pe ara rẹ̀ ní eku!"

Nígbà tó sinmi, ó bi mí, "Ẹnu rẹ dà?"

Mo ní báwo.

"Mo ní ẹnu rẹ dà? Àbí o fi sílẹ̀ nílé ni? Gbà, bù ú jẹ."

Àbúrò ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ti ní ọmọ-ọmọ o." Bàbá ní ṣé ọmọ-ọmọ ló fẹ́ bá a bù ú ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, òróró wà lára rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ìyẹn, gbogbo ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní ìgbà yẹn, òróró tó ń yára gbẹ ni òun ń lò, bíi ti gbogbo èèyàn. Òun náà máa ń kánjú, ta ni mo rò pé mo jọ? Lọ́jọ́ tí mo bù ú jẹ, mo bì láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Òun gbé mi sáré lọ sí ilé ìwòsàn láìwọ bàtà. Nígbà tí mo sinmi, òun padà délé, òun da gbogbo ìgò òróró òun nù. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí ọmọ kò lè gbé mì tí òun fi kan igi mọ́. Àwọn oníbàárà sá lọ torí pé òun ń pẹ́. Òun ní kí wọ́n máa lọ.

Ó ní, "Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn àtimáa dúró ni? Torí ẹnu rẹ ni."

Mo ti fi ìjáfara yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún un níwájú àwọn èèyàn. Ọgbọ̀n ọdún! Mo gba igi náà, mo fi omi díẹ̀ rin ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó rọ̀, mo la ẹnu, èmi ìyá àgbà, lórí eékún níwájú ilé, mo bù ú jẹ. Mo bù ú jẹ tọkàntọkàn. Ọkọ mi ń ké, "Ó ti tó! Ó ti tó, eyín ẹ!" Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu bí ẹ̀pà.

Bàbá gbà á padà. Ìka rẹ̀ lọ tààrà síbẹ̀. Ó kà á. "Mẹ́ta lókè... àlàfo wo nìyí?" Mo ní dókítà eyín yọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ." Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó dijú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n kán òróró sí i. Ẹ̀kán kan. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra á sínú àpá eyín mi, ó ra á, ó ra á, kò kánjú rárá.

Ìgbà yẹn ló tó gbé e fún Àbúrò. Àbúrò wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní kí ni òun máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ òun lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan bu ìbọn òun jẹ. Bàbá ní, "Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló tún un ṣe. Ó kọ orúkọ síbẹ̀."

Eyín iwájú ń dùn mí gan-an. Kó máa dùn mí.